Wàrà Ń Pọ̀, Ara Ń Gbẹ: Ohun Tí Ẹfọ̀n Odò Kọ́ Mi

 Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kàn fẹ́ ka èsì bọ́ọ̀lù tó wà lápá òsì pátákó yìí ni, kẹ́ ẹ sì sáré wọ kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ yìí máa wúlò fún ìdánwò Agric àti Bàọ́lọ́jì, ó sì kan ìjà kan tó wáyé nílé wa lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni sà tó ń kọ́ àwa SS2 ní Agric gbé àwòrán kan wá sí kíláàsì. Ẹran dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ìwo rẹ̀ ká mọ́ orí bí okùn tí wọ́n ká. Obìnrin kan jókòó tì í, ó ń fún wàrà rẹ̀ sínú garawa. Sà ní ẹfọ̀n ni. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n kẹ̀? Ẹfọ̀n tí àwọn ọdẹ ń bẹ̀rù, tí ìtàn sọ pé Ọya máa ń gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ta ló máa jókòó ti ọmú rẹ̀?

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, sà bi wá pé: "Ẹran yìí sanra dáadáa lọ́jọ́ tó bímọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, egungun ìhà rẹ̀ ti ń hàn, bẹ́ẹ̀ wàrà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kí ló ṣe é?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní, "Ẹni tó ni ín ò fún un lóúnjẹ ni, sà." Sà ní rárá, oúnjẹ kún iwájú rẹ̀. Mo tún nawọ́, mo ní aràn inú ni. Sà ní rárá. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ayé ni, sà!" Kíláàsì tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, torí ohun tí wọ́n sọ nílé wa gan-an nìyẹn nígbà tí màlúù Ìyá Àgbà ń rù. Màá padà sórí ìyẹn.

Sà ní kí n lọ wá ìdáhùn, kí n sì kọ ọ́ sára ògiri kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lè kà á. Ó yá mi ní ìwé méjì, ó sì dáhùn ìbéèrè mi lẹ́yìn kíláàsì títí ó fi sú u. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

ẸFỌ̀N WO LÀ Ń SỌ?

Ẹ má ṣe rò pé ẹfọ̀n inú igbó wa ni. Tiwa, Syncerus caffer lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹran ìgbẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Èyí tó wà nínú àwòrán, Bubalus bubalis ni. Ẹfọ̀n odò ni mo pè é níbí, torí ó fẹ́ràn kó máa rì sínú omi tàbí ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Irú èyí tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ ní krómósómù 50, màlúù ní 60. Ẹran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọn kì í bí ọmọ fúnra wọn.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ẹfọ̀n odò pọ̀ sí jù láyé. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ka ẹran ọ̀sìn ní 2019, ẹfọ̀n tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 110. Nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀, Murrah lókìkí jù. Agbègbè Rohtak, Jind àti Hisar ní ìpínlẹ̀ Haryana ló ti wá. Ní Hisar yìí náà ni ìjọba Íńdíà dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà fún ẹfọ̀n nìkan sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń sin ẹfọ̀n odò ní Pakistan, Íjíbítì àti Ítálì pẹ̀lú. Wàràkàṣì funfun tí wọ́n ń pè ní mozzarella di bufala ní Ítálì, wàrà ẹfọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní abúlé Haryana ò ní ju ẹfọ̀n méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Wàrà yẹn ni owó ọjà, owó ilé-ìwé àti owó oògùn. Bí ẹfọ̀n kan bá ṣàìsàn, ìdílé náà máa mọ̀ ọ́n lára kíákíá.

LÍTÀ JU LÍTÀ LỌ

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí wàrà ẹfọ̀n ṣe ki tó. Nínú wàrà màlúù, ọ̀rá máa ń jẹ́ bíi ìdá 4 nínú 100. Nínú ti ẹfọ̀n odò, ó máa ń tó ìdá 7 tàbí 8 nínú 100. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, pé gíráàmù ọ̀rá kan ní kìlókálórì 9, gíráàmù ṣúgà kan ní 4, gíráàmù purotéènì kan náà ní 4.

Nínú lítà wàrà ẹfọ̀n kan, ẹ fi ọ̀rá sí gíráàmù 70, ṣúgà wàrà sí 50, purotéènì sí 40. Ọ̀rá á fún wa ní 630, ṣúgà 200, purotéènì 160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlókálórì 990.

Nínú lítà wàrà màlúù kan, ẹ fi ọ̀rá sí 40, ṣúgà sí 50, purotéènì sí 35. Ìyẹn jẹ́ 360, 200 àti 140. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 700.

Ẹ rí i báyìí pé ẹfọ̀n tó fún wa ní lítà 10 lóòjọ́ ti kó agbára 9,900 jáde. Kí màlúù tó lè kó irú agbára bẹ́ẹ̀ jáde, ó ní láti fún wa ní lítà 14 ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá ń wo garawa nìkan á ní wàrà ẹfọ̀n ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò ní mọ̀ pé ẹrù tó gbé ju ti màlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

OHUN TÓ Ń JÁDE JU OHUN TÓ Ń WỌLÉ LỌ

Oyún ẹfọ̀n odò tó nǹkan bí ọjọ́ 310, ó lé ní oṣù mẹ́wàá. Nígbà tí oyún bá ti dàgbà, ọmọ inú á ti gba àyè, ikùn tí oúnjẹ ń lọ ò ní ráyè dáadáa mọ́, oríṣiríṣi họ́mónù sì ń yí padà lára ìyá. Nítorí náà, ìjẹun rẹ̀ máa ń dínkù bí ọjọ́ ìbímọ bá ń sún mọ́lé.

Ọjọ́ tó bímọ tán, ọmú ò dúró de ẹnu. Wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójoojúmọ́, á sì dé góńgó láàárín oṣù kìíní sí ìkejì. Àmọ́ ìjẹun ò lè sáré bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú ikùn rẹ̀ nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí oúnjẹ tuntun tó mọ́ wọn lára. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló máa kọjá lẹ́yìn tí wàrà ti dé góńgó kí ìjẹun tó dé góńgó tirẹ̀. Àárín yẹn ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó léwu jù. Ìdáhùn ìbéèrè sà ti wà níbẹ̀: oúnjẹ lè kún iwájú ẹran, kí ebi sì máa pa á nínú ẹ̀jẹ̀. Ìtumọ̀ ebi yìí ni pé agbára tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ.

KÓLÓ INÚ ARA

Kí ni ẹni tí owó ọjà rẹ̀ ò tó ná máa ṣe? Á fọ́ kóló. Ọ̀rá abẹ́ awọ àti ti inú ikùn ni kóló ẹfọ̀n. Nígbà tó wà nínú oyún, tí kò fún ẹnikẹ́ni ní wàrà, ibẹ̀ ló ń tọ́jú agbára sí.

Bó ṣe ń fọ́ ọ nìyí. Ínsúlínì ni họ́mónù tó máa ń sọ fún ara pé kó tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Lẹ́yìn ìbímọ, ínsúlínì á lọ sílẹ̀, họ́mónù ìdàgbàsókè á lọ sókè. Ẹ́ńsáìmù tó wà nínú ọ̀rá á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á tú ọ̀rá sí méjì: glycerol àti ásíìdì ọ̀rá. Ásíìdì ọ̀rá yìí, tí ìwé ń pè ní NEFA, á so mọ́ purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ albumin, á sì bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri. Iṣan ara á lo díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmú á gba díẹ̀, á fi ṣe ọ̀rá wàrà. Èyí tó pọ̀ á kọrí sí ẹ̀dọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí èmi fúnra mi ṣe yé yín. Ká ní wàrà lítà 10 ń kó 9,900 jáde, tí oúnjẹ tó kù lẹ́yìn tí ẹfọ̀n ti bọ́ ara rẹ̀ sì jẹ́ 7,200. Gbèsè ọjọ́ kan jẹ́ 2,700. Ẹ fi 9 pín in, ó jẹ́ gíráàmù ọ̀rá 300. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀rá kílò 9 ti yọ́ lára rẹ̀. Ibi tí egungun ìhà ti ń jáde síta nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ebi pa á.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Íńdíà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń ra wàrà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Amul, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Anand, ìpínlẹ̀ Gujarat, ní 1946. Wọ́n á wọn wàrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á wo bí ọ̀rá inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ọ̀rá yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó. Nígbà tí ẹfọ̀n bá ń yọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ sínú wàrà, ọ̀rá wàrà lè ga sí i. Owó á wọlé, inú ẹni tó ni ín á dùn, kò ní mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹfọ̀n náà lòun ń tà.

Ẹ má ṣe rò pé fífọ́ kóló yìí jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀ o. Gbogbo ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ló ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Wàhálà ni pé kí ó pọ̀ jù, kí ó sì yá jù.

Ọ̀RÁ Ò LÈ DI ṢÚGÀ

Mo bi sà pé, "Tó bá ní ọ̀rá tó pọ̀ lára, kí ló wá kù? Ṣé kó kàn máa yọ́ ọ ni?" Sà ní ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú.

Ṣúgà inú wàrà ń jẹ́ láktóòsì. Glúkóòsì lara fi ń ṣe é. Láktóòsì yìí ló ń fa omi wọnú wàrà, torí náà bí láktóòsì bá ṣe pọ̀ tó ni wàrà á ṣe pọ̀ tó. Kò sí glúkóòsì, kò sí wàrà. Ọmú ò sì dúró de ínsúlínì kó tó gba glúkóòsì nínú ẹ̀jẹ̀, ó kàn ń gbà á ni. Àwọn iṣan ara ló ń fi tiwọn sílẹ̀ fún un.

Níbo ni ẹfọ̀n ti wá ń rí glúkóòsì? Àwa èèyàn, bá a bá jẹ ẹ̀bà tán, sítáàṣì rẹ̀ á di glúkóòsì nínú ìfun, á wọnú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tá a mọ̀ sí ṣàkì nínú ọbẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ náà. Wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì mẹ́ta: acetic, propionic àti butyric. Glúkóòsì tó ń kọjá láti inú ìfun kéré gan-an. Ẹ̀dọ̀ ló ń gba propionic yẹn, tó ń sọ ọ́ di glúkóòsì.

Ẹ gbọ́ o: bí ẹfọ̀n ò bá jẹun tó, propionic á dínkù, glúkóòsì á dínkù. Ó lè tú ọ̀rá ara rẹ̀ títí, ásíìdì ọ̀rá tó ń jáde níbẹ̀ ò lè di glúkóòsì. Glycerol nìkan ló lè dì í, ìyẹn ò sì pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní gàrí kún inú àpò, tí kò sí omi tó máa fi tẹ ẹ̀bà.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀DỌ̀ BÁ KÚN

Ásíìdì ọ̀rá tó dé ẹ̀dọ̀ lè gba ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni kó jó tán pátápátá nínú ìyípo Krebs tá a kọ́ nínú Bàọ́lọ́jì, kó sì di agbára. Ọ̀nà yìí ló dára jù. Àmọ́ ìyípo náà nílò ohun kan tó ń jẹ́ oxaloacetate, ohun yìí kan náà sì ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe glúkóòsì. Nígbà tí ọmú bá ń pariwo pé òun fẹ́ glúkóòsì, oxaloacetate á lọ síbẹ̀, ọ̀rá ò sì ní rí ohun tó máa fi jó. Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ̀ pé ìtì igi ńlá ò lè dá jó láìsí ìṣẹ́pẹ́. Ọ̀rá ni ìtì igi, glúkóòsì àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni ìṣẹ́pẹ́.

Ọ̀nà kejì ni kó jó dé ìdajì, kó di ketone. Ketone fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ọkàn àti iṣan ara máa ń fi ṣe agbára. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á mú kí oúnjẹ máa kóríra ẹran, ẹran á jẹun díẹ̀ sí i, gbèsè á pọ̀ sí i, ọ̀rá á yọ́ sí i, ketone á tún pọ̀ sí i. Àìsàn tí ìyípo burúkú yìí ń fà ń jẹ́ ketosis.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ̀dọ̀ tún un so pọ̀ di ọ̀rá, kó sì fi ránṣẹ́ síta. Ẹ̀dọ̀ ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ò yára níbi ìfiránṣẹ́ yìí rárá. Ọ̀rá á wá máa dúró sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á wú, á sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà la ní kó ṣe glúkóòsì.

Màlúù ilẹ̀ òyìnbó tí wàrà rẹ̀ pọ̀ gan-an ni ketosis máa ń mú jù. Ẹfọ̀n odò náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá èyí tí wàrà rẹ̀ pọ̀ àti èyí tó sanra jù lọ́jọ́ ìbímọ. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ìdáhùn tí mo fún sà ò kàn já sófo lásán, ó forí kodò. Mo rò pé ẹran tó sanra ló láàbò jù. Rárá o. Èyí tó sanra jù kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀rá rẹ̀ sì máa ń yá tú.

ÀMÌ TÓ YẸ KÍ ÀGBẸ̀ MÁA WÒ

Àmì àkọ́kọ́ ni pé ẹran á kọ oúnjẹ tó lágbára, bí èérí àlìkámà, á sì máa jẹ koríko gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. Wàrà tó ti ń pọ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Á rù kíákíá, á máa dúró gbọ̀ọ́ bí ẹni tó ń ronú. Èémí rẹ̀ lè máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù tàbí bí ohun tí wọ́n fi ń nu èékánná tí wọ́n kùn. Ketone kan tó ń jẹ́ acetone ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Dókítà ẹran lè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní Rothera: bí ketone bá wà níbẹ̀, àwọ̀ elése àlùkò á yọ. Ó sì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Fún màlúù, bí ketone tó ń jẹ́ BHB bá dé 1.2 mílímóólù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n á ti fura, kódà tí kò bá tíì sí àmì kankan lójú.

Ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó ni fífi ọwọ́ kan ẹran. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ wo egungun ẹ̀yìn, ti ìbàdí àti ìdí ìrù, wọ́n á sì fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Ẹni tó gba 1 ti gbẹ bí igi, ẹni tó gba 5 ti sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Bíi 3 sí 3.5 ló dára lọ́jọ́ ìbímọ.

Àkóbá mìíràn ni ti oyún tó ń bọ̀. Ara tó wà nínú gbèsè kì í fẹ́ lóyún. Họ́mónù tó ń mú kí ẹyin já á dínkù, ẹran á pẹ́ kó tó wá akọ. Ẹfọ̀n odò kì í tilẹ̀ ṣe ariwo púpọ̀ nígbà tó bá ń wá akọ, pàápàá nígbà ooru. Bí oṣù bá ń gorí oṣù láìsí oyún, ìdílé á máa bọ́ ẹran tí kò fún wọn ní nǹkan kan.

KÍ NI ṢÍṢE?

Ṣáájú ìbímọ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní bí oṣù méjì sí ìbímọ, wọ́n máa ń dáwọ́ fífún wàrà dúró kí ẹran lè sinmi. Kí wọ́n má ṣe bọ́ ọ ní àbọ́jù lásìkò yìí. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ tó lágbára kún koríko rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn kòkòrò inú ṣàkì lè mọ̀ ọ́n lára ṣáájú.

Lẹ́yìn ìbímọ, díẹ̀díẹ̀ náà ni kí wọ́n máa fi kún un. Ẹni tó bá da hóró ọkà kún iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo á mú kí ásíìdì pọ̀ jù nínú ikùn, ìyẹn sì lè pa á. Koríko tútù tó dára, omi tó mọ́ àti ibòòji ṣe pàtàkì, torí ẹran tí ooru ń mú kì í jẹun.

Oúnjẹ ọlọ́ràá kan wà tí wọ́n fi kálísíọ̀mù dì, kó lè kọjá nínú ṣàkì láìtú, kó tú síwájú. Tí wọ́n bá da òróró lásán sínú oúnjẹ, á bo koríko, àwọn kòkòrò inú ṣàkì ò ní lè ṣiṣẹ́ wọn. Ní Íńdíà, àwọn àgbẹ̀ ti ń fún ẹfọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ṣúgà ìrèké pupa tí wọ́n ń pè ní gur láti ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà ti rí i pé ìyá ọmọ tuntun ń fẹ́ agbára, kí ìwé tó sọ ìdí rẹ̀.

Tí àìsàn bá ti mú un, dókítà ẹran ló máa fa glúkóòsì sí i nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó sì lè ní kí wọ́n máa fún un ní propylene glycol mu, torí ẹ̀dọ̀ lè sọ ìyẹn di glúkóòsì. Kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe o.

MÀLÚÙ ÌYÁ ÀGBÀ

Màlúù kan ni Ìyá Àgbà ní, ọ̀dọ̀ Bàbá Fúlàní tó ń bá a dà á ló wà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe ní Òkè-Ògùn níbí. Lọ́dún tó kọjá ó bímọ. Ó sanra, wàrà rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò wá ń wò ó. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà wa sọ pé, "Háà, Ìyá, wàrà màlúù yín mà pọ̀ o!" Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí màlúù náà fi kọ oúnjẹ. Ó rù, wàrà gbẹ, wọ́n tà á fún alápatà ní owó yọ̀ọ́yọ̀ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ò ti kí Ìyá Ẹlẹ́kọ mọ́. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ló pa ẹran. Èmi náà kì í kí i. Mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn lọ ra ẹ̀kọ.

Mi ò sọ pé ketosis ló mú màlúù yẹn. Kò sí ẹni tó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, màlúù ilẹ̀ wa kì í sì í ní wàrà tó ti Murrah. Ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Àmọ́ ìyẹn gan-an ló ń dùn mí: a ò yẹ nǹkan kan wò, a sì ti rí ẹni tó jẹ̀bi. Wàrà tó pọ̀ tí obìnrin yẹn yìn, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ àmì fún wa pé ẹran náà nílò ìrànlọ́wọ́.

Sátidé tó kọjá, mo ka ìwé yìí fún Ìyá Àgbà kí n tó gbé e wá fún olóòtú. Ó dákẹ́ títí mo fi parí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé pé ara rẹ̀ ló ń fún wa mu?" Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún ní òmíràn, ẹ jẹ́ ká pe dókítà ẹran tó bá ti kọ oúnjẹ lọ́jọ́ kan." Kò fèsì. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fún mi lówó, ó ní kí n lọ ra ẹ̀kọ. Mo bi í pé ní ibo. Ó ní, "Ṣé ibòmíràn wà tó sún mọ́ wa ju ti ọ̀rẹ́ mi yẹn lọ ni?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ẹran tó ń rù, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó ti bímọ, kẹ́ ẹ tó wo aládùúgbò yín.

Ẹ DÁN ARA YÍN WÒ

1. Kí ló dé tí lítà 10 wàrà ẹfọ̀n fi ń gba agbára ju lítà 10 wàrà màlúù lọ? Ẹ fi ìṣirò hàn.

2. Èwo nínú glycerol àti ásíìdì ọ̀rá ni ẹ̀dọ̀ lè sọ di glúkóòsì?

3. Sọ ọ̀nà mẹ́ta tí ásíìdì ọ̀rá lè gbà nínú ẹ̀dọ̀.

4. Ẹfọ̀n méjì bímọ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan gba máàkì 3, èkejì gba 5. Èwo lẹ máa ṣọ́ jù, kí sì nìdí?

Ẹni tó bá rí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó jù ú sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn tó wà lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì. Sà ti ṣèlérí pé òun fúnra òun ló máa máàkì rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.